Adelaide sí Uluru sí Darwin pẹ̀lú Màmá àti ọmọ méjì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yẹn, ẹ dá sí i

Àkànní_Adelaide

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù keje. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n, ara wọn le dáadáa, àmọ́ wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Látìgbà tí mo ti fi àwòrán àpáta pupa yẹn, Uluru, ránṣẹ́ sí wọn, kò sí ohun tí wọ́n ń bi mí ju ọjọ́ tí a máa dé ìdí rẹ̀ lọ. Èmi, ìyàwó mi, Màmá àti ọmọ wa méjì (ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọmọ ọdún mẹ́fà) fẹ́ wakọ̀ la àárín Ọsirélíà já. Bí mo ṣe rò ó nìyí: Adelaide, Coober Pedy, Uluru, Alice Springs, Tennant Creek, Katherine, Darwin, ká wá wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé láti Darwin. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Jíìpù la fẹ́ yá. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń wakọ̀ ní Adelaide, ṣùgbọ́n mi ò kọjá Port Augusta rí. Kí ló yẹ kí n mọ̀ tí mi ò tíì mọ̀?

Awakọ̀_Tírélà

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, àbúrò mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa tírélà lójú ọ̀nà Stuart Highway yìí, ojú títì ọlọ́dà tó la àárín Ọsirélíà já dé Darwin. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, torí máàpù orí fóònù máa ń tan èèyàn jẹ. Adelaide sí Coober Pedy, nǹkan bíi 850 kìlómítà. Coober Pedy sí Yulara, ìyẹn ìlú kékeré tó wà nítòsí Uluru, ó lé ní 730. Yulara sí Alice Springs, 450. Alice sí Tennant Creek, ó fi díẹ̀ lé ní 500. Tennant Creek sí Katherine, 670. Katherine sí Darwin, ó lé ní 300. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju 3,500 kìlómítà lọ. Èkó sí Kánò, nǹkan bíi 1,000 ni. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ni pé kẹ́ ẹ lọ Kánò, kẹ́ ẹ padà wá sí Èkó, kẹ́ ẹ tún lọ Kánò lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ wá tún bọ̀ dé ìdajì ọ̀nà, láàárín ọjọ́ méje, pẹ̀lú àgbàlagbà àti ọmọdé lẹ́yìn ọkọ̀.

Ojúmọ́ oṣù keje kò sì gùn. Ilẹ̀ kì í mọ́ kedere títí di aago méje kọjá, nígbà tó bá sì di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wọ̀. Ẹ má wakọ̀ lálẹ́ lọ́nà yẹn. Mo tún un sọ: ẹ má wakọ̀ lálẹ́. Torí náà wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án péré lẹ ní lójúmọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ àsìkò oúnjẹ, epo àti ìtọ̀ ọmọdé kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ gé ìrìn àjò yẹn kù. Ẹ parí rẹ̀ sí Alice Springs, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀. Darwin ò ní sá lọ.

Ọ̀rọ̀ epo: ẹ kún tánkì ní Port Augusta. Pimba tẹ̀ lé e, bíi 170 kìlómítà síwájú. Ẹ tún fi kún un níbẹ̀, bó bá ti lẹ̀ dín ní díẹ̀, torí láti ibẹ̀ dé Coober Pedy ó tó 370 kìlómítà. Glendambo wà láàárín wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ ni. Ilé epo aginjù lè wà lórí máàpù kó jẹ́ pé wọ́n ti tì í tàbí pé ẹ̀rọ wọn bàjẹ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Lẹ́yìn Coober Pedy, ẹ tún epo rà ní Marla, ní Kulgera tàbí Erldunda, àti ní Yulara. Epo ibẹ̀ wọ́n gan-an ju ti Adelaide lọ, ẹ ti fi sínú ìṣirò yín. Ẹ má torí owó díẹ̀ sọ pé ẹ máa rà á níwájú.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní road train ńkọ́? Orí ọkọ̀ kan ló ń fa tírélà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gígùn rẹ̀ lè tó mítà 53 àbọ̀. Èmi tí mo ti wà á mọ̀ pé kì í tètè dúró. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á sílẹ̀, ẹ rí i pé ojú ọ̀nà mọ́ níwájú yín ju kìlómítà kan lọ. Bẹ́ ẹ ò bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá ń bọ̀ níwájú yín, ẹ di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin, torí atẹ́gùn rẹ̀ máa gbá ọkọ̀ yín bí ẹni tì í.

Ṣọlá_M

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí bọ̀dá Awakọ̀ sọ nípa alẹ́ yẹn. Mo fẹ́ sọ tèmi kí ojú yín má bàa rí i.

Ọdún 2022 ni. A dé Erldunda ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ti sanwó yàrá sílẹ̀ ní Yulara, mo sì ní 250 kìlómítà péré ló kù. Ọkọ mi ní ká sùn síbẹ̀, mo ní rárá. Ilẹ̀ ṣú pátápátá láàárín wákàtí kan. Ohun tí mo rí kẹ́yìn ni ojú méjì tó ń tàn yanran bí owó ẹyọ nínú iná ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni ariwo. Kàngárú ńlá ni. Ọkọ mi ò yí ọwọ́ ọkọ̀, ó tẹ búrẹ́kì, ó sì tọ́ ọ tààrà, ìyẹn ló jẹ́ ká wà láàyè lónìí. Bó bá yà bàrá ni, a ò bá ti yí gbirigbiri wọ inú yanrìn.

Iná iwájú kan fọ́, rédíétọ̀ ya. Omi rẹ̀ ń ṣàn sórí ọ̀dà, àwọ̀ ewé, ó ń rùn bíi nǹkan dídùn. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òtútù wá mú débi pé mo tú ìró mi, mo fi wé ọmọ mi, mo sì fi gèlè di orí rẹ̀. Ó ju wákàtí méjì lọ kí awakọ̀ kan tó dúró.

Nígbà tá a padà dé, ilé iṣẹ́ tó yá wa lọ́kọ̀ mú ìwé àdéhùn jáde, wọ́n nawọ́ sí ìlà kan tó sọ pé ìnṣọ́ránsì kò bo ọkọ̀ tó bá kọlu ẹranko lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ lẹ́yìn òde ìlú. Àwa la sanwó yẹn, a san án fún oṣù mẹ́jọ. Ẹ ka ìwé yẹn tán láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ wo ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: wákàtí alẹ́, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, àti iye kìlómítà tí wọ́n gbà yín láyè lóòjọ́. Àwọn kan ò fúnni ju 100 kìlómítà lọ lóòjọ́ fún ọkọ̀ tí wọ́n bá yá ní agbègbè àríwá, wọn á wá gba owó lórí gbogbo èyí tó bá lé.

Nọ́ọ̀sì_Alice

Ṣọlá, ẹ kú ewu. Ẹ kú orí ire.

Alice Springs ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àkànní, ọ̀rọ̀ Màmá ló jẹ mí lógún jù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ooru nìkan ni wàhálà aginjù. Ooru rẹ̀ kì í ṣe kékeré lóòótọ́: ní ìlú Oodnadatta, wọ́n wọn ìwọ̀n ooru 50.7 ti Celsius lọ́jọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1960. Lóṣù keje ẹ ò ní rí ìyẹn. Ọ̀sán máa tù yín lára, bíi 20. Òru ló le, ó lè lọ sábẹ́ òdo ní Uluru àti Alice. Mo ti rí yìnyín funfun lórí gíláàsì ọkọ̀ mi láàárọ̀ níbí. Ẹ ra aṣọ òtútù tòótọ́ fún Màmá, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Ẹ má gbára lé súwẹ́tà tí wọ́n máa gbé wá láti Ìbàdàn.

Nítorí òtútù yẹn náà, òǹgbẹ kì í gbẹ èèyàn, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ, ó ń fa omi kúrò lára. Ẹ máa fún Màmá lómi láìdúró kí wọ́n tó béèrè. Lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan wà tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n má sì fúnra wọn dá oògùn dúró torí kí wọ́n má bàa máa tọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé oògùn tó máa ju ọjọ́ ìrìn àjò yín lọ, kí ó wà nínú báàgì ọwọ́, kí orúkọ oògùn sì wà lára páálí rẹ̀. Ní wákàtí méjì méjì, ẹ dúró, kí Màmá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n rìn, torí ẹsẹ̀ tó bá ká kò sójú kan máa ń wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú rẹ̀.

Omi inú ọkọ̀: lítà mẹ́wàá fún ẹnì kan lóòjọ́ la máa ń sọ fún àwọn àlejò. Èèyàn márùn-ún lẹ jẹ́. Lójú ọ̀nà ọlọ́dà nígbà òtútù, 60 lítà ni kò gbọ́dọ̀ tán nínú ọkọ̀ yín. Ẹ má dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo. Bó bá jò, ó tán nìyẹn. Ẹ pín in sí kẹ́ẹ̀gì kéékèèké.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 000 ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè. Àwọn dókítà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tọ aláìsàn lọ wà níbí, Royal Flying Doctor Service. John Flynn ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1928, ọjọ́ kì í tó ọ̀sẹ̀ kí n tó rí ọkọ̀ wọn tó ń balẹ̀. Nígbà míì, ojú títì gan-an ni wọ́n ń balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè pè wọ́n kí wọ́n tó lè wá.

Àkànní_Adelaide

Ẹ ṣé gan-an. Àyà mi já díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kó já nísinsìnyí. Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: báwo la ṣe máa pè wọ́n bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Èkejì: ọ̀rẹ́ mi kan ní ká má gba Stuart Highway, pé ká gba Oodnadatta Track, pé ibẹ̀ ni aginjù gidi wà. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹlẹ́rọ_Melbourne

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Telstra ló dé ibi tó jìn jù, síbẹ̀ ẹ máa rí i pé bẹ́ ẹ bá ti jáde ní ìlú ní bíi 20 kìlómítà, ó ti lọ. Ẹ má gbọ́kàn lé fóònù lásán.

Ẹ yá tàbí ẹ ra PLB. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá fa eriali rẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, sátẹ́láìtì á gbé ibi tẹ́ ẹ wà lọ fún àwọn tó ń ṣètò ìdóòlà ní Canberra, wọn á sì rán èèyàn sí yín. Kò ní owó oṣooṣù. Ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ AMSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdóòlà yẹn, kẹ́ ẹ tó lọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń wá àti ẹni tí wọ́n máa pè nílé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìkan la ń tẹ̀ ẹ́ fún. Táyà tó jò kò sí lára rẹ̀. iPhone 14 sókè náà lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní Ọsirélíà, ẹ dán ìlànà rẹ̀ wò nílé kí ọwọ́ yín mọ́ ọn.

Ẹ tún wá rédíò UHF alágbèéká kan. Ikanni 40 làwọn awakọ̀ tírélà ń lò lójú títì. Ẹ lè bi wọ́n bóyá màlúù wà lọ́nà níwájú, ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ yà wọ́n sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba máàpù sórí fóònù kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì mú máàpù oníwèé dání. Kí ẹnì kan nílé ní ìwé tó ní ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn, kó sì mọ wákàtí tó gbọ́dọ̀ pe ọlọ́pàá bí kò bá gbúròó yín.

Bàbá_Ìbejì_Perth

Mo fẹ́ràn ọ̀nà eruku, mi ò ní parọ́. Oodnadatta Track jẹ́ nǹkan bíi 620 kìlómítà láti Marree dé Marla, ó sì ń tẹ̀ lé ipa ọ̀nà rélùwéè Ghan àtijọ́. Ẹ máa rí afárá irin tí wọ́n pa tì, ilé òkúta tí òrùlé rẹ̀ ti lọ, orísun omi tó ń hó láti inú ilẹ̀ láàárín ibi tí koríko ò ti hù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún Kati Thanda, Lake Eyre, níbi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó mítà 15 sábẹ́ ojú òkun. Ẹni tó bá rí i kò ní gbàgbé. Nítorí náà ọ̀rẹ́ yín kò parọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún yín lọ́dún yìí. Ọkọ̀ méjì la fi ń lọ síbẹ̀, táyà àpọ́jù méjì, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dín atẹ́gùn táyà kù. Bí òjò kékeré bá rọ̀, ilẹ̀ yẹn á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, wọ́n á ti ọ̀nà pa fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá sì wakọ̀ wọ ọ̀nà tí wọ́n tì máa san owó ìtanràn tó wúwo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyàwó mi lójú ọ̀nà Great Central Road, ìyẹn ọ̀nà eruku tó jáde láti Laverton tó fi dé ìdí Uluru, ó lé ní 1,000 kìlómítà. A gba ìwé àṣẹ, torí orí ilẹ̀ àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà, ni ọ̀nà náà gbà. Ọ̀pá omi rédíétọ̀ bẹ́ ní ọ̀sán gangan. Mo gòkè sórí ọkọ̀, mo wo ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò rí nǹkankan àfi igbó kúkúrú àti erùpẹ̀ pupa. Mo rántí pé a ti rí ọ̀nà oko kan lẹ́yìn, bíi kìlómítà 15. Ọkàn mi ní kí n rìn lọ síbẹ̀. Ìyàwó mi di apá aṣọ mi mú, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹsẹ̀ yín kan ò ní kúrò níbí."

Ó gbà mí là. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú máa rí ọkọ̀, kò ní rí èèyàn tó ń rìn nínú igbó. Ọkọ̀ ní ìbòji, ó ní omi nínú, ó ní gíláàsì tó ń tàn. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, a na aṣọ ìbora funfun sórí òrùlé, a so ìró méjì mọ́ ilẹ̀kùn ká lè rí ìbòji sí. A jókòó sórí ẹní, a ò jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná. À ń mu omi níwọ̀nba, àmọ́ a kò fi òǹgbẹ pa ara wa láti tọ́jú omi. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan láti abúlé àwọn onílẹ̀ wá dúró, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó gé ọ̀pá rọ́bà mìíràn, ó fi wáyà dì í, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ́ Màmá àti àwọn ọmọ ní òfin yẹn kẹ́ ẹ tó gbéra: bí ọkọ̀ bá kú, a kì í fi í sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá wá lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ iwájú, lójú ọ̀nà Nullarbor, ẹ má gbé èso tàbí oyin dání. Wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò ní ààlà, wọn á gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Awakọ̀_Tírélà

Mo ti ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì lẹ́yìn. Mo fi èyí kún un: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àyálò ni wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé wọ ọ̀nà eruku rárá, jíìpù tàbí kì í ṣe jíìpù. Bó bá bàjẹ́ níbẹ̀, owó gbígbé e jáde nìkan lè ju owó ìrìn àjò yín lọ.

Nípa eré sísá: kìlómítà 110 ní wákàtí kan ni ní apá gúúsù. Bẹ́ ẹ bá kọjá ààlà sí Northern Territory, ẹ máa rí pátákó 130. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. Ní 130, abẹ́rẹ́ epo á máa sọ̀ kalẹ̀ níṣojú yín, ilé epo sì jìnnà síra. Màlúù pọ̀ lọ́nà ibẹ̀ tí kò sí ọgbà, ràkúnmí náà wà. Ẹyẹ idì ńlá máa ń jẹ òkú kàngárú lójú títì, ara rẹ̀ wúwo, kì í tètè fò. Ẹ dín eré kù bẹ́ ẹ bá ti rí òkú ẹran níwájú.

Ìyá_Dárà

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu àti ti ojú.

Kí Màmá tó kó ẹrù ní Ìbàdàn, ẹ pè wọ́n. Pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ, kílíṣí, èso àti irúgbìn tó lè hù, kí wọ́n fi í sílé. Gbogbo oúnjẹ yòókù, gàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n máa fún wọn kí wọ́n tó wọ ìlú, kí àwọn òṣìṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun téèyàn kọ sílẹ̀, bí wọn ò bá gbà á, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹni nìkan. Ohun téèyàn fi pamọ́ ló ń di owó ìtanràn. Wọ́n ti dá màmá tèmi dúró torí ọ̀rọ̀ yìí, ẹkún tí wọ́n sun ní pápákọ̀ òfuurufú yẹn ṣì ń dùn mí. Ilé ìtajà ilẹ̀ Áfíríkà wà ní Adelaide, ẹ ra ohun tẹ́ ẹ fẹ́ níbẹ̀.

Oúnjẹ ojú ọ̀nà: jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n ti sè gbẹ dáadáa, mọ́ínmọ́ín inú agolo, ẹyin sísè, nínú kúlà tó ní yìnyín. Gàrí àti ṣúgà ni mo fi ń gbọ́kàn lé, torí omi tútù nìkan ló ń béèrè.

Ní Coober Pedy, ẹ gba yàrá abẹ́ ilẹ̀. Láti 1915 ni wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye opal níbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ilé sínú òkè torí ooru. Dídákẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ máa gbọ́ èémí ara yín. Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n gbẹ́ kálẹ̀ lẹ́yìn ìlú kò lóǹkà, kò sì ní ìdérí. Pátákó wà níbẹ̀ tó ní kéèyàn má sáré, kó má sì fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, ẹ má sì fi ẹ̀yìn rìn torí fọ́tò.

Ẹ ra àwọ̀n ojú tí wọ́n ń fi borí. Eṣinṣin ibẹ̀ ń wọ imú, ń wọ ojú. Lóṣù keje wọ́n dín kù, wọn ò tán.

Ní Uluru, owó ìwọlé jẹ́ dọ́là 38 fún àgbàlagbà, ọjọ́ mẹ́ta ló wà fún, wọn kì í gba ti ọmọdé. Ẹnikẹ́ni ò gun òkè náà mọ́, wọ́n ti fòpin sí i láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2019. Àwọn Anangu ló ni ín, ìjọba dá a padà fún wọn lọ́dún 1985. Ẹ ṣàlàyé fún Màmá pé bí Olúmọ ṣe rí fún ará Abẹ́òkúta ló rí fún wọn, á yé wọn kíá. Àwọn ojú kan wà lára àpáta tí wọ́n ní ká má yà ní fọ́tò, pátákó wà níbẹ̀. Yíyí i ká jẹ́ bíi kìlómítà mẹ́wàá, ìyẹn pọ̀ fún Màmá. Ẹ mú wọn rin ọ̀nà Mala, kìlómítà méjì ni àlọ àti àbọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gbà á.

Àkànní_Adelaide

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, ó fi ọjọ́ méjì kún un, ó di mẹ́sàn-án. Mo ti yọ Darwin. Ọjọ́ kìíní, Port Augusta. Ìkejì, Coober Pedy. Ìkẹta, Erldunda, a ò ní kọjá ibẹ̀ bó ti wù kí oòrùn ṣì wà. Ìkẹrin, Yulara, a máa lo òru méjì. Ìkẹfà, Alice Springs, títí di ọjọ́ kẹsàn-án tá a máa fò padà. Ṣé ó dáa báyìí?

Awakọ̀_Tírélà

Ó dáa. Ẹ sanwó yàrá lónìí, torí ìsinmi ọmọ iléèwé bọ́ sí oṣù keje, Yulara máa ń kún. Láàárín Pimba àti Coober Pedy, ilẹ̀ àwọn ológun Woomera lẹ ń gbà kọjá, ẹ má yà kúrò lójú títì àfi níbi ìsinmi. Ẹ yẹ táyà àpọ́jù wò kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ tú u sílẹ̀ níwájú wọn, kẹ́ ẹ rí i pé jáàkì wà àti pé ẹ mọ ibi tí wọ́n ń tì í bọ̀.

Àkànní_Adelaide (lẹ́yìn oṣù méjì)

Ẹ̀yin ará, a lọ, a bọ̀, gbogbo wa pé. Mo ní kí n jábọ̀ torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Jáàkì ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fún wa ò pé. Torí ọ̀rọ̀ bọ̀dá Awakọ̀ ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ilé epo kan tí mo kọ sínú ètò wa ti tì. Mo ti pè wọ́n lánàá ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbé e, ìyẹn ló jẹ́ kí n kún tánkì ní Pimba.

Lẹ́yìn Pimba, adágún iyọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Lake Hart. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rìn débẹ̀, wọ́n fi ìka mú iyọ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ ni lóòótọ́. Wọ́n bu díẹ̀ dì sí etí aṣọ wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dà á sílẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ibẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọwọ́ òsì tá a ń gbà yìí kò ṣàjèjì sáwọn, pé ọmọ iléèwé làwọn ní Ìbàdàn nígbà tí Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, pé ọjọ́ yẹn, bàbá wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé sọdá títì. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi.

Ẹ̀yin ò sọ fún mi pé àwọn awakọ̀ máa ń kíra wọn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á gbé ìka kan tàbí méjì sókè lórí ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Màmá ti ń dá wọn lóhùn, "Ẹ kú ìrìn o," wọ́n á sì gbé gbogbo ọwọ́ sókè.

Òkè ńlá kan tí orí rẹ̀ tẹ́jú wà lápá òsì kẹ́ ẹ tó dé Uluru. Gbogbo wa pariwo, Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mount Conner ni. Ẹ má torí rẹ̀ lo gbogbo fíìmù fọ́tò yín. Nígbà tá a wá dé ìdí Uluru gan-an, Màmá ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n wá bọ́ bàtà wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀nà Mala, pẹ̀lú òtútù yẹn. Mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

Òtútù Yulara lóru: ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ kò tó o. Ẹ gbé ìgò omi gbígbóná onírọ́bà dání.

Délé_Brisbane

Ẹ kú àbọ̀ o. Àwa fẹ́ lọ lóṣù kẹsàn-án. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, pàápàá fún àgbàlagbà? Ẹ sì ní 60 lítà omi, ṣé ẹ lò ó?

Àkànní_Adelaide

Ilé epo gbogbo ní, ó mọ́ níwọ̀nba. Láàárín wọn, àwọn ibi ìsinmi kan ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníhò, àwọn kan ò ní ju tábìlì àti agolo ìdọ̀tí lọ. Ẹ gbé bébà, omi ìfọwọ́ àti ìró àtijọ́ kan tí ẹnì kan lè nà sókè fún àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. A ò mu ju ìdajì omi yẹn lọ. Ogún lítà la fún ìdílé kan tí rédíétọ̀ wọn ń hó lẹ́yìn Marla, a dúró tì wọ́n títí ó fi tutù, a sì tẹ̀ lé wọn dé Kulgera. Ẹ bá mi kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbéra síbí, màá fi orúkọ àwọn ilé epo tí mo rí tó ṣí ránṣẹ́ sí yín.